Àkàndá-Ẹ̀rọ Tẹ́ Kọ̀ǹpútà Sùn

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú kọ̀ǹpútà kó lè rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀gá wa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níléeṣẹ́ nìyẹn. Òun ló sọ ara rẹ̀ ní Àkàndá-Ẹ̀rọ. Bó bá ti yí ẹ̀yìn padà, Mo-Mọ̀-Ọ́n-Tán là ń pè é.

Ipò olórí ẹ̀ka ẹ̀rọ ṣófo, ó ń wá a lójú méjèèjì. Ló bá to kọ̀ǹpútà mẹ́ta sí gbọ̀ngàn ìpàdé, ó ní òun fẹ́ fi han gbogbo òṣìṣẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń sùn láìjẹ iná, tí iṣẹ́ ojú rẹ̀ kò sì ní sọnù.

Ẹ gbọ́, nǹkan ọ̀hún dùn ún wò! Ti àkọ́kọ́ da gbogbo ohun tó wà ní iyè rẹ̀, tó máa ń pòórá bí iná bá lọ, sínú fáìlì ńlá kan lórí dísìkì, ó kú. A fa wáyà yọ, a tàn án padà: gbogbo rẹ̀ pé! Ìkejì fi ẹ̀dà kan sí iyè, ó kọ òmíràn sórí dísìkì, bí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ kan sápò, tó fi ìkejì sílé aládùúgbò. Òun náà jí.

"Ti àwọn ọ̀lẹ nìyẹn," ni Àkàndá wí. "Ìkẹta yìí, oníǹkan ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ gé ibùsùn, àyè tó máa sùn sí, fún un lórí dísìkì. Èmi ni mo gé e!"

Orí ìkẹta yìí ló ti ní kí olùdarí wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ bá wa sọ sí.

"Ṣé kí n fi pamọ́?" ni Màmá bèèrè.

"Ẹ má fi pamọ́ o, Mà! Níbi tí mo wà?"

Àǹtí atẹ̀wé iléeṣẹ́ wa nawọ́ sókè. "Bùrọ̀dá, ṣé ibùsùn tẹ́ ẹ gé yẹn gba gbogbo iyè ẹ̀rọ?"

"Wò ó, apárí kì í kọ́ onígbàjámọ̀ níṣẹ́!"

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú ẹ̀rọ kọ ọ́ gàdàgbà: ÀYÈ KÒ TÓ. Ṣùgbọ́n èrò ni Àkàndá kọjú sí, ó ń tẹrí gba àtẹ́wọ́. Ó fa wáyà yọ.

Nígbà tó tàn án padà, ojú rẹ̀ mọ́ fóó.

"Ọ̀rọ̀ mi dà?"

"Ó... ó ṣì ń tòògbé ni, Mà."

Àǹtí sún mọ́ ẹ̀rọ náà, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. "Kò tòògbé o. Bùrọ̀dá ti gé lára ibùsùn ẹ̀rọ, wọ́n kó fọ́tò ara wọn sí i. Irinwó ó lé mẹ́sàn-án."

"Ó dáa," ni Màmá wí, wọ́n sì jókòó. "Ohun tó ṣẹ́ kù la máa fi ṣèpàdé. Gbé e sára ògiri."

Àkàndá ní inú ń run òun. Àǹtí ti tan ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri.

Fọ́tò àkọ́kọ́ yọ, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn: Àkàndá lórí àga Màmá, nínú ọ́fíìsì Màmá, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí tábìlì, tòun ti bàtà.

"Èyí tó kàn," ni Màmá wí.