Ekaitz Wá Ìbò Lọ Sílé Màmá Xexili

Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ lórí òkè Urkizu ní ilẹ̀ Basque nígbà tí Ekaitz gun orí òkè lọ wá ìbò. Tíṣà ni, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú apá òsì tó fẹ́ kí ilẹ̀ náà kúrò lábẹ́ Spéènì, ó sì lè sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ. Ó bá Màmá Xexili arúgbó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń bó ẹ̀wà.

"Ẹ káàsán, Màmá. Òmìnira la bá wá."

"Omi ni ẹ fẹ́ rà?"

"Òmìnira, Màmá. Kí ilẹ̀ Basque dá dúró."

"Ta ló ń ra omi nínú òjò? Korobá nìyẹn. Pọn ọ́n fún màlúù mi, má sanwó."

Ekaitz wo korobá, ó wo ojú màmá. Ìbò díẹ̀ ló lé ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò nípò lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé korobá. Nígbà tó padà dé, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù dé orúnkún.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, Màmá. Ẹgbẹ́ òsì ni wá."

"Ẹgbẹ́ òṣì? Pẹ̀lẹ́. Mo ti rí i lára bàtà ẹ."

"Kì í ṣe òṣì. Òsì. Apá òsì." Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú kó lè yé e.

"Apá tún ń dùn ọ́." Màmá Xexili gbé búrẹ́dì àgbàdo àti wàràkàṣì lé ọwọ́ náà.

"Ìbò yín la wá gbà," Ekaitz fi ẹnu kíkún sọ.

"Ìbọ̀sẹ̀?"

"Ìbò."

"Mo ti gbọ́. Bàtà tó jò báyìí, kí ni ìbọ̀sẹ̀ inú ẹ̀ á ti dà?" Ó wọlé, ó mú ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn jáde. "Ti Joanes ọmọ mi ni. Wọ̀ ọ́."

Ekaitz wọ̀ ọ́.

"Tá a bá wọlé, Màmá, gbogbo nǹkan la ó jùmọ̀ ní. Kò ní sí pé tèmi, tìrẹ."

"Ìyẹn dáa. Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbẹ́ màlúù. Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ekaitz ń kó ìgbẹ́, ó ń kùn sínú. "Etí ẹ̀ ti di, ẹgbẹ́ kejì sì ti fi wáìnì rà á."

"Wáìnì yẹn ti kan. Ẹlẹ́dẹ̀ ni mo dà á fún."

Ṣọ́bìrì dúró lókè. "Ẹ gbọ́ ìyẹn?"

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ màlúù, ẹsẹ̀ sì ń ro mí. Ṣebí ará ìlú lẹ ní ẹ wà fún."

Ẹ̀rín pa Ekaitz. "Ẹ mú mi, Màmá. Ṣé ẹ máa wá dìbò fún wa?"

Màmá Xexili gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Nígbà tí Joanes wà lẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira yìí lọ́hùn-ún ní gúúsù Spéènì, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ yín ló ń gbé mi lọ wò ó. Mi ò gbàgbé. Ilé Benita tó wà nísàlẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé o ti kan ilẹ̀kùn ẹ̀?"

"A máa ń fò ó."

"Nítorí kí ni?"

Ekaitz wolẹ̀. "Nítorí ọkọ ẹ̀."

"Àwọn tó gbé ìbọn nítorí òmìnira yìnbọn pa á lójú pópó, ìlú dákẹ́. Kò sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀sì wá fún Benita."

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, Màmá. Mi ò mú ìbọn rí."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé náà ti mọ ilé tí wọ́n ń fò."

Ekaitz fi ṣọ́bìrì ti ògiri.

"Kí ni kí n lọ sọ?"

"Kí i. Tó bá ṣílẹ̀kùn, kó o dákẹ́."

"Kí n dákẹ́?"

"Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹgbẹ́ yín ò dán an wò rí."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Màmá Xexili rí i tó ṣí fìlà lẹ́nu ọ̀nà Benita, tí òjò ń pa á lórí. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí. Ìrọ̀lẹ́ ni Ekaitz padà wá, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ó gbà ọ́ wọlé?"

"Ó sọ̀rọ̀ títí, Màmá. Mi ò dá sí i. Ó ní kò tí ì tán, kí n padà wá lọ́jọ́ Àìkú, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo ti gbà."

"Ọjọ́ Àìkú kọ́ ni ìdìbò ni?"

"Mo sọ fún un. Ó ní òun mọ̀."