Ẹni Tó Ni Ààrò Ló Ni Ọ̀rọ̀

Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, páìpù gáàsì kan tó fẹ̀ tó ohun tí ọmọ màlúù lè rìn nínú rẹ̀ gba ẹ̀yìn abúlé Gorushkino kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, ṣùgbọ́n ní Gorushkino fúnra rẹ̀, igi ni tolórí-tẹlẹ́mù fi ń dáná. Yeremei ọmọ Pahom, tó wà lára àwọn tó fi iná jó irin páìpù náà pọ̀ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò ra igi lọ́dún náà, nítorí ó dá a lójú pé gáàsì tí wọn kò bá gbé lọ sí Yúróòpù mọ́, abúlé ni yóò yà sí. Òtútù dé, gáàsì ò yà. Ló bá di pé lọ́sọ̀ọ̀sán ni Yeremei ń wá sílé Glafira ọmọ Savva, opó tó múlé gbè é, pé òun mú ìròyìn wá.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kò tiẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó gbọn yìnyín ara bàtà rẹ̀, ó gbé bàtà náà sórí ààrò bíríkì ńlá tí ènìyàn lè sùn lé, kó lè gbẹ, ó wá fẹ̀yìn ti ààrò bí ẹni tó fẹ́ gbé e pọ̀n. Glafira ń bó pòtétò.

"Ó ti parí, Glafira. A ti dí i."

"Kí la dí?"

"Páìpù. A ti dí i gbọin. Ní báyìí, wọ́n á dì."

"Ta ló tún fẹ́ dí i?"

"Àwọn ará Jámánì. Wọ́n á dì."

"Ṣebí o ní a ti dí i. Kí ni wọ́n tún fẹ́ dí níbẹ̀?"

"Dì ni mo wí, mi ò wí dí. Wọ́n á gan. Wọ́n á le gbagidi bí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó sùn síta."

"Àwọn ọmọ wọn ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ á wọ ẹ̀wù."

"Bí ọmọdé bá lè wọ ẹ̀wù, kí ló dé tí àgbà á fi dì?"

"Ọ̀rọ̀ ìṣèlú nìyí. Kì í yé ẹni tó ń bó pòtétò."

"Bí o ò bá ní í jẹ nínú pòtétò náà, ó lè wá yé mi."

"Ohun tí mò ń sọ ni pé agbára nìyẹn."

"Àgbàrá? Nínú oṣù Kejìlá, tí odò gan-an ò ṣàn?"

"Agbára. Ipá."

"O ò bá tètè wí. Àgbàrá tó wọ inú àjà-ilẹ̀ mi nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́jọ́sí, gbogbo kábéèjì mi ló bà jẹ́."

"Fi kábéèjì sílẹ̀. Bí òtútù bá ti mú wọn dénú egungun, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún wa."

"Kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ onírun o. Èyí tí mo ní ti lu."

"Onírun kí ni?"

"Ìbọ̀wọ́ lo wí."

"Ọ̀wọ̀ ni mo wí, Glafira. Ọ̀wọ̀. Kí wọ́n máa tẹríba."

"Ìtẹríba kì í mú ọwọ́ ẹni móoru." Glafira ju pòtétò tó bó tán sínú omi. "Jẹ́ kí n bi ọ́. Gáàsì tí a ò fún wọn mọ́ yìí, ibo ló wà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Níbẹ̀ níbo?"

"Nínú ilẹ̀. Nínú páìpù. Ó ń dúró."

"Ẹ̀yìn ilé wa níbí?"

"Ẹ̀yìn ilé wa níbí."

"Kí wọ́n wá bu díẹ̀ fún wa, kó má bàa máa dúró lásán."

"Kò ṣeé bù. Páìpù ńlá nìyẹn, kò ní ẹ̀ka."

"Ìwọ lo jó o pọ̀. Kí ló dé tí o ò dá ihò kékeré kan sí i fún àwọn ará ilé ẹ?"

"Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà. Bí mo bá dá ihò sí i, ẹ̀wọ̀n ni."

"Báyìí tó o ti dàgbà ńkọ́?"

"Ẹ̀wọ̀n náà ni."

Glafira mi orí. "Bí àwọn ará Jámánì bá wá lọ ra tiwọn níbòmíì ńkọ́?"

"Níbo? Bó bá tiẹ̀ wà, ó jìnnà, ó sì wọ́n. Wọ́n á padà wá kúnlẹ̀ ni. Fetí sí ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Ẹni tó bá ní ohun tó ń mú ọmọnìkejì ẹ̀ móoru, iṣu ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ọ̀bẹ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Kó ṣáà sọ ohun tó ń fẹ́ ni."

Glafira gbé ọ̀bẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bí Yeremei ṣe rò lọ. Nígbà ooru èṣí, Yeremei ló tún ọgbà onígi tó pààlà ẹ̀yìnkùlé àwọn méjèèjì ṣe. Nígbà tó fi máa ṣe é tán, ọgbà ti fi ìṣísẹ̀ ńlá kan wọ inú ebè pòtétò Glafira. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti há a lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja.

"Yeremei, ọgbà tó o sún wọ oko mi yẹn."

"Ta ló sún ọgbà? Ilẹ̀ ló sún. Bí yìnyín bá ń yọ́, ilẹ̀ a máa rìn."

"Ó wá rìn sọ́dọ̀ tèmi nìkan?"

"Ilẹ̀ ò mojú ẹnikẹ́ni."

Glafira dìde. Ó nawọ́ sórí ààrò, ó gbé bàtà Yeremei, ó kó o lé e lọ́wọ́.

"Bàtà mi ò tíì gbẹ o."

"Mo mọ̀. Mo ti dí i."

"Kí lo dí?"

"Ẹnu ọ̀nà mi. Ó di ọjọ́ tí ọgbà bá padà síbi tó wà."

Yeremei rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu dé. "Èyí ò jọ tìyẹn. Tìyẹn, ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ni."

"Tèmi, ọ̀rọ̀ pòtétò ni. Òtútù kan náà ló ń mú wọn."

"Ooru lo fẹ́ fi fún mi lọ́rùn, èmi aládùúgbò ẹ?"

"Ìwọ lo kọ́ mi. Iṣẹ́jú kan ò tíì kọjá."

Yeremei ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tútù. Ó tọ́ fìlà rẹ̀ sórí, ó sì dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ Glafira ti wà láyé ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ", ṣùgbọ́n nígbà tó máa la ẹnu, "ẹ̀yin" ló gbà jáde.

"Ẹ ṣeun, Glafira ọmọ Savva. Ẹ máa gbádùn iná yín."

"Ẹ̀yin náà ẹ máa gbádùn ilẹ̀ yín tó ń rìn, Yeremei ọmọ Pahom."

Inú Glafira dùn lọ́jọ́ náà. Ó se pòtétò ẹni méjì, nítorí ó mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, Yeremei á ti wá fi òòlù àti àdéhùn kan ilẹ̀kùn. Yeremei ò wá. Lọ́jọ́ kejì, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí èéfín tín-ín-rín tó ń yọ lórí ilé Yeremei, ẹnu sì yà á: níbo lọkùnrin yìí ti rí igi? Ó fẹ́ wo ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ilé ewúrẹ́ rẹ̀ dí i lójú. Ó ní kò burú, ẹ jẹ́ kó jó o tán.

Èéfín náà rú títí, ó sì dá. Glafira kò gbọ́ ìròyìn mọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yé e fún un kí òun náà lè dá a lóhùn lọ́nà tí kò yé onítọ̀hún. Ó bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ ìṣèlú, ewúrẹ́ gbà gbogbo ohun tó wí, ìyẹn sì bí i nínú. Igi kún inú ahéré rẹ̀ dé òrùlé. Ààrò ń jó, tíì ń tutù lórí tábìlì. Nígbà tí afẹ́fẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ìkookò, tí kò sì sí èéfín kankan lórí ilé Yeremei síbẹ̀, àyà Glafira já. Ó bu ọbẹ̀ kábéèjì sínú ìkòkò, ó fi aṣọ dì í, ó gba ẹ̀yìnkùlé bọ́ sínú yìnyín tó mù ún dé orúnkún, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà.

Ilẹ̀kùn ò tì. Omi inú garawa ti di òkúta. Kò sí Yeremei lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí i lábẹ́ tábìlì. Glafira wo ibẹ̀ náà. Ó jáde síta. Ibẹ̀ ló ti rí Yeremei tó ń bọ̀ lójú títì, tó ṣí bọ́tìnnì kóòtù sílẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí tòmátì.

"O wà láàyè," ni Glafira wí.

"Mo wà láàyè. Ara mi tiẹ̀ ń làágùn díẹ̀."

"Níbo lo ti lọ ń yáná?"

"Lọ́dọ̀ Fyokla oníṣọ́ọ̀bù."

"Fyokla tó wà nípẹ̀kun abúlé? Nínú yìnyín yìí?"

"Ó jìnnà. Ó sì wọ́n. Mo ti gun òrùlé balùwẹ̀ ẹ̀ lọ kó yìnyín kúrò, mo sì ti gbọ́ ìtàn àwọn ọkọ ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tẹnìkejì ò tíì parí. Ṣùgbọ́n kò ní kí n gbé ọgbà."

"Igi tútù ló ń dá. Èéfín á ti ba ojú ẹ jẹ́."

"Èéfín wà. Ojú kan ni mo fi ń wo tẹlifíṣàn."

Glafira rọra gbé ìkòkò ọbẹ̀ mọ́ àyà. "Èmi náà ti rí ẹlòmíì. Pankrat ọdẹ ní òun á máa wá yáná lọ́dọ̀ mi."

"Pankrat?" Àwọ̀ pupa ojú Yeremei dín kù.

"Bí mo bá lè gba àwọn ajá ẹ̀ mọ́ ọn. Ó sì ní òun ò ní í máa sọ̀rọ̀."

"Kí lo wá wí?"

"Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò. Ajá ṣeé gbà. Àìsọ̀rọ̀ ẹ̀ ni mi ò rò pé mo lè gbà."

Yeremei ń fi ẹsẹ̀ fọ́ yìnyín kan tó jókòó jẹ́ẹ́.

"Àwọn ará Jámánì ńkọ́?" ni Glafira bi í. "Wọ́n ti dì?"

"Ọmọ Fyokla ń gbé lọ́hùn-ún. Mo rí i lórí fóònù. Ó ní ìyà ń jẹ àwọn."

"Ó ń gbọ̀n?"

"Ó ń ráhùn owó iná. Inú ilé ló jókòó sí tó ti ń ráhùn. Ẹ̀wù alápá péńpé ló wọ̀."

Glafira ò rẹ́rìn-ín, nítorí ó rí ojú Yeremei.

"Mo lọ sẹ́yìn oko," ni Yeremei wí, "síbi tí páìpù gbà. O mọ̀ pé ooru páìpù kì í jẹ́ kí yìnyín pẹ́ lórí ibẹ̀. Koríko ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ hù."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ lewúrẹ́ mi ti máa ń jẹ."

"Lọ́dún yìí, yìnyín ti bò ó bíi gbogbo ibi. Mo dúró níbẹ̀, mi ò mọ ibi tí ó gbà mọ́. Èmi tí mo jó o."

"Ṣebí inú ẹ dùn pé wọ́n dí i."

"Mo rò pé àwọn tọ̀hún ló máa dì."

Glafira fi ìgbọ̀nwọ́ rọra gbún un. "Wá, ààrò ń jó."

"Bí mo bá máa wá, mi ò wá bí oníbáárà o. Oníbàárà ni mí."

"Etí mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀."

"Oníbáárà, ohun tí wọ́n bá fún un ló ń gbà. Oníbàárà, ohun tó wù ú ló ń yàn. Mo yan orí ààrò, kì í ṣe àga. Mo yan oyin sínú tíì. Kí o má sì bi mí mọ́ pé ibo ni gáàsì wà."

"Ta ló máa bi ẹni tí ò mọ̀? Oyin wà. Ọgbà ńkọ́?"

Yeremei wo ọ̀run. "Ibo lo gbà dé ilé mi?"

"Ẹ̀yìnkùlé."

"Kí ló dá ẹ dúró lọ́nà?"

"Kò sí nǹkan kan tó..." Glafira yíjú padà. Ipasẹ̀ rẹ̀ ti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ wá dé ẹnu ọ̀nà Yeremei gbọnrangandan bí okùn tí wọ́n nà, kò tẹ̀ níbì kankan.

"Yeremei, ọgbà dà?"

"Ó ti jó."

"Ta ló jó o?"

"Ọjọ́ tó o lé mi, mo délé, ìka ẹsẹ̀ mi ò dá mi lóhùn mọ́. Mo yọ pátákó kan. Lọ́jọ́ kejì mo tún yọ díẹ̀. Nígbà tó yá, òpó nìkan ló dúró síbẹ̀, ó ń ṣe mí láàánú, mo bá yọ òun náà. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ jó tán ni mo wá lọ bá Fyokla."

"O ti wá dá ilẹ̀ mi padà nìyẹn."

"Mi ò dá ilẹ̀ kankan padà. Iná ni mo dá."

"Èmi ni mo ṣáà borí."

"Kò sẹ́ni tó borí. Ewúrẹ́ ẹ ti jẹ gbogbo èèpo igi ápù mi."

Glafira wo ibi tí ọgbà wà tẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi etí aṣọ orí nu imú.

"Ìdajì ọgbà yẹn, ọkọ mi ló la igi ẹ̀, kí o tó fi tìẹ kún un."

"Mo mọ̀. Tiẹ̀ ló móoru. Tèmi, èéfín lásán ni."

Glafira gbé ìkòkò ọbẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Gbà, ìwọ bá mi gbé e," ló wí. "Láti ìgbà tó o ti ń mú ìròyìn wá sílé mi, èyí tó kọ́kọ́ jẹ́ òótọ́ nìyẹn."