Ohùn Tí Kò Kí Bàbá Ràfíátù

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní, kì í sì í ṣe pé n kò gbìyànjú láti lé e lọ. Ọjọ́ Àìkú kan ni, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kájú ń pọ́n lórí igi tí oòrùn Tchaourou ń sun ènìyàn látàárọ̀. Nínú ooru yẹn ni mo fi aṣọ òtútù wé ọrùn lọ tọrọ ìyàwó. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìtìjú mi kì í ṣe ìtìjú ọjọ́ kan.

Iṣẹ́ ẹnu ni mò ń ṣe. Tí oníṣòwò bá kó ọjà tuntun dé, èmi ni mo máa ń gbé ẹ̀rọ ìkéde lé èjìká, tí n ó máa pariwo rẹ̀ láti ibi tí rélùwéè ń dúró sí títí dé ojú títì tó lọ sí Parakou. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá mi wá láti Cotonou. Wọ́n ti ṣe áàpù kan tó ń kọ́ ènìyàn ní eré ìdárayá lórí fóònù, wọ́n sì fẹ́ kí ó máa sọ Nàgó, nítorí àwọn àgbàlagbà tí dókítà ti ní kí wọ́n máa na ara. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá kan tí kò ní fèrèsé, mo sì ń sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ: Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ẹ mí sínú. Ẹ má dúró. Wọ́n sanwó fún mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. N kò mọ̀ pé ohùn mi nìkan ni wọ́n ń gbé lọ, pé ara mi ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn áàpù náà. Owó oṣooṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, orí fóònù náà ni wọ́n sì ti ń san án. Tí o bá ń gba àárín ilé kọjá lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ohùn mi ni wàá máa gbọ́ láti yàrá dé yàrá. Inú mi dùn, kí ni n ó máa parọ́ sí. Àwọn zémijan tó ń fi alùpùpù gbé èrò sọ mí ní Tonton Mísínú, mo sì ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ibi tí orúkọ náà kò tíì dé ni ilé Ràfíátù, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ra iṣu ní Goro àti Tchatchou, ó ń kó o ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀ lọ́nà Cotonou. Àìsàn kan ti kọ lù ú, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wúwo, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Láràárọ̀ ni ó ń tẹ̀ lé ohùn inú fóònù, títí ó fi lè rìn láàárín ilé láìmú ọ̀pá. Kò mọ ẹni tó ni ohùn náà. Ràfíátù ló ní kí n má tíì sọ ọ́. Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn mi bá wá tọrọ òun ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún bàbá, pé inú wọn á dùn sí i ju obì tí a bá gbé wá lọ. Rírò ni ti ènìyàn, ṣíṣe ni ti Ọlọ́run.

Bon, àwọn ará Cotonou tún pè mí. Wọ́n ní nǹkan ti wọ́n, àwọn fẹ́ sọ owó oṣooṣù di ìlọ́po méjì, kí n fi ohùn mi sọ fún àwọn oníbàárà. Wọ́n fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ ní Faransé. Mo wò ó, orí mi wú. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sọ̀rọ̀ owó báyẹn. Ìyá tó ń lọ àgbàdo fún wa, tó bá fẹ́ fi owó kún un, á kọ́kọ́ kí ọ, á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè oko, á ní ìwọ náà mọ bí epo ṣe rí nísinsìnyí, á bẹ̀ ọ́, kí o tó gbọ́ iye. Nígbà tí o bá máa fi gbọ́ ọ, ojú á ti ń tì ọ́ láti bínú. Nítorí náà mo ṣe é bó ṣe yẹ. Mo kí àwọn òbí wa káàárọ̀, mo kí wọn kú ìnáwó, mo ṣàdúrà fún ẹsẹ̀ àti orúnkún wọn, mo wá rọra fi ọ̀rọ̀ owó sáàárín, mo sì fi ẹ̀bẹ̀ kádìí rẹ̀. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fẹ́ bọ́ lójú èmi fúnra mi.

Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Grand frère, ẹ̀gbọ́n wa, ó ti gùn jù." Wọ́n gé orí, wọ́n gé ìrù. Ohun tó dé inú fóònù àwọn ènìyàn ni: "Láti oṣù tó ń bọ̀, owó yín ti di ìlọ́po méjì. Ẹ san án kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀." Ẹ ro bàbá arúgbó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, tó di ìdí aṣọ mú, tó ń retí kí wọ́n ní kó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, tó wá jẹ́ pé ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ láyé lọ́jọ́ náà nìyẹn.

N kò tíì mọ̀ nígbà tí mo dá zémijan kan dúró láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Tonton Mísínú, ìlọ́po méjì ni o."

Mo ní, "Kí ni alùpùpù fi jọ áàpù?"

Ó ní, "Ẹ san án kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀." Ó sì na ọwọ́. Mo fi ẹsẹ̀ rìn.

Ọjà ló wá burú. Bàbá alágbẹ̀dẹ kan gbé fóònù sẹ́nu, ó ń ná an bí ẹni ń ná ewúrẹ́: "Ọmọ mi, gbà á ní ti tẹ́lẹ̀. Ó dáa, n ó fi díẹ̀ lé e. Ṣé o ń gbọ́ mi?" Ó dúró kí fóònù dáhùn. Fóònù tún sọ ti ìlọ́po méjì. Ló bá yí ojú sí èmi, ó ní ọmọ yìí kò gbọ́ràn, kí n bá òun bá a sọ̀rọ̀. Ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní tata, tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní ti òun ti yanjú: owó àtijọ́ ni òun máa san, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni òun á sì máa gbé. Ẹsẹ̀ òsì ni òun yàn, òun ló ń dun òun jù.

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, tata yìí gbé igbá gàrí kalẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe ti owó. Ẹni tó wá sin gbèsè pàápàá á kọ́kọ́ kí mi. Ìwọ bá mi lórí ẹní ìrun, o ní kí n san, o ò kí mi."

Mo ní, "Tata, wọ́n gé e ni. Mo kí yín."

Ó ní, "Ṣé ẹnu rẹ kọ́ ni?" Ẹnu mi ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni Ràfíátù wá bá mi. Kò jókòó. Ó ní, "Bàbá ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn á san owó náà, ṣùgbọ́n táwọn bá rí ẹni tó ni ẹnu yẹn, àwọn ò ní bá a fọwọ́ jẹun nínú àwo kan." A ti dá ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ fún ìtọrọ, obì ti wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan láti Savè sì ti tọrọ Ràfíátù ṣáájú mi, ó ń retí kí wọ́n lé mi. Bí bàbá bá lé mi, Ràfíátù lọ nìyẹn.

Ó ní, "Lọ bá wọn kí ọjọ́ tó pé. Dọ̀bálẹ̀, kí o sọ pé ìwọ ni, kí o wá kí wọn. Bàbá mi kì í di ọmọ tó bẹ̀bẹ̀ sínú."

Mo ní mo gbọ́. Mo tilẹ̀ wọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí n lọ. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi, tonton Músá, ni mo gbà lọ, òun ló máa ṣe alága wa. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ohùn ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ojú. Má sọ̀rọ̀. A ó ní ọ̀fun ń dùn ọ́." Ó dá mi lójú pé ọgbọ́n ni. Bí a ṣe dé ibi aṣọ òtútù nìyẹn.

A dé ilé wọn, wọ́n tẹ́ ẹní fún wa, tonton Músá sì ṣàlàyé ọ̀fun mi. Kò sẹ́ni tó rò pé irọ́ ni. Ìkáàánú wọn ló sì pa mí lára. Ìyá àgbà, ìyá bàbá Ràfíátù, gbé omi gbígbóná wá, ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́, atalẹ̀ àti ata sí i. Mo mu ún, omi dà lójú mi, wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n bu òmíràn. Ó tún mú òrí wá, ó tú aṣọ ọrùn mi, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi òrí pa mí lọ́rùn, ó tún aṣọ náà wé. Láìpẹ́ òrí yọ́. Ó ń ṣàn gba àyà mi lọ, mò ń fi ọwọ́ nù ún, ọwọ́ mi méjèèjì wá ń yọ̀ bí ẹja. Ràfíátù yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wo ilẹ̀.

Bàbá ní, "N kì í fi ọmọ fún ẹni tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Sọ̀rọ̀ díẹ̀, bó ti wù kó kéré tó."

Mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ ṣeun, bàbá."

Ó ní, "Ó tó. Ọlọ́run á wò ọ́ sàn." Ó gba obì. Wọ́n ṣe àdúà, a ṣe àmín. Mo ti fẹ́yàwó tán lọ́kàn ara mi, mo ti ń ro ibi tí a ó gbé ibùsùn sí.

À bá ti lọ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bàbá ní òun fúnra òun ló máa sìn wá dé ìta, láìmú ọ̀pá, kí àna òun lè rí i pé ara òun ti le. Ní àbáwọlé, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kọ lẹ́nu sìmẹ́ńtì, ó kú mọ́ ọn nídìí, ara rẹ̀ ń lọ sí ẹ̀gbẹ́. Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, òrí kò gbà, ọwọ́ náà yọ̀ bọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Ohun tó kù fún mi kò ju ẹnu lọ.

"Ẹ mí sínú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Ẹ má dúró."

Ara bàbá ti gbọ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́. Ó mí sínú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé e kalẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán. Bàbá kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi ni ó ń wò.

Ó ní, "Ìwọ ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú òrí lára. "Èmi ni, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́. Mo kí yín lọ́jọ́ yẹn, mo kí yín dáadáa. Àwọn ará Cotonou ni wọ́n gé e."

Bàbá kò pariwo, ì bá sàn kí ó pariwo. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Àwọn ló gé e lọ́jọ́ yẹn. Ta ló gé e lónìí?"

Tonton Músá ti ń wá bàtà rẹ̀. Wọ́n kó obì wa jáde fún wa, wọ́n fi ewé bò ó dáadáa, wọ́n sì kí wa pé ó dàárọ̀ o.

Ràfíátù fẹ́ ọkùnrin Savè náà nígbà tí iṣu tuntun jáde. Mo pàdé rẹ̀ kí ó tó lọ, mo ní bàbá rẹ̀ le jù. Ó ní, "Kì í ṣe bàbá nìkan. Èmi ni mo ní kí o lọ bá wọn, o sì ní o gbọ́." Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti obì lọ, ó ṣì ń dùn mí.

Mo bẹ àwọn ará Cotonou pé kí wọ́n yọ ohùn mi kúrò. Wọ́n ní mo ti tà á. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀: tí wọ́n bá gé ọ̀rọ̀ rẹ kù, fi ẹsẹ̀ ara rẹ gbé ìyókù lọ bá ẹni tó ni ín, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, kò sì sí ẹni tí n ó gbé e lọ bá mọ́.

Láìpẹ́ yìí ni mo rí ìyá àgbà lọ́jà. Ó béèrè ọ̀fun mi, mo ní ó ti sàn, àwa méjèèjì wo ibòmíràn. Ó ní bàbá ṣì ń san ìlọ́po méjì náà, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le. Ó ní láràárọ̀, tó bá ti gbé fóònù kalẹ̀, á kọ́kọ́ kí i: "Ṣé dáadáa la jí?" Á dúró díẹ̀. Tí fóònù kò bá dáhùn, á mi orí, á wá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ní bàbá ń kọ́ fóònù náà ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo rẹ́rìn-ín títí àwọn oníṣu fi ń wò mí.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti ká ẹní ìrun mi láàárọ̀, mo máa ń dáhùn níbi tí mo wà: "A jí dáadáa, bàbá. Ẹ káàárọ̀." Ilé wọn jìnnà sí tèmi, wọn ò lè gbọ́. N ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, n ó gbé ẹ̀rọ ìkéde mi, n ó sì lọ sọ́jà.