Òfin Gìrìgìrì: Aboyún Kankan Kò Gbọdọ̀ Rọbí Títí Ìdìbò Abẹ́lé Yóò Fi Parí

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Ìyeyè, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró! Ẹni tó ń jà, kó ṣì di aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ mú, kó fetí sílẹ̀! Àkànmú akéde ló dé. Ààfin ló rán an. Àwọn àgbà Ẹgbẹ́ Alábẹ̀bẹ̀ ló tì í lẹ́yìn. Kì í ṣe òun ló ro ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Kì í ṣe òun ló rò ó!

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdìbò abẹ́lé, tí Ẹgbẹ́ Alábẹ̀bẹ̀ yóò fi mú ẹni tí wọn yóò fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ. Olóyè Kásìmáawò ń du ipò náà. Ẹnjiníà Láwòóyìn ń dù ú. Wọ́n ní káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn méjèèjì ṣe déédéé, pé ìlú tiwa ló kù tí yóò sọ ẹni tó wọlé. Rédíò ló sọ bẹ́ẹ̀. Rédíò kan náà ló sọ pé iná mànàmáná wa kì í lọ mọ́.

Aṣojú mọ́kànlélógójì la ní tí yóò dìbò. Ogún wà lẹ́yìn Olóyè. Ogún wà lẹ́yìn Ẹnjiníà. Ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo! Ìyá Ọmọ́yẹni ni, agbẹ̀bí wa, tó gbẹ̀bí ìdajì ẹ̀yin tí ẹ dúró síbí yìí. Kò sọ ẹni tí òun yóò dìbò fún. Wọ́n bi í títí, ó ní ìbò kì í ṣe oyún, kò ní hàn lára òun.

Ọ̀rọ̀ ìbá rọrùn bí kì í bá ṣe ti gìrìgìrì. Àwọn tí wọ́n gbọ́ òṣèlú ju gbogbo wa lọ ti là wá lọ́yẹ̀ pé ìbò kọ́ ló ń gbé èèyàn wọlé. Gìrìgìrì ni! Ẹni tí ẹsẹ̀ èèyàn bá ń dún gìrìgìrì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò wọlé. Àwọn aṣojú wa, ọlọ́gbọ́n ènìyàn gbogbo, kò sì fẹ́ gbẹ́yìn. Wọn kì í béèrè ohun tí olùdíje fẹ́ ṣe fún ìlú. Ibi tí ẹsẹ̀ bá dún lọ ni wọ́n ń lọ.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi àgbà mẹ́ta jókòó sí oríta, tí wọ́n pè wọ́n ní Ìgbìmọ̀ Elétí. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbọ́ gìrìgìrì, kí wọ́n sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, etí òsì rẹ̀ ti di láti ọdún mẹ́sàn-án. Apá ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà ló sì kọ etí òsì náà sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ìgbìmọ̀ ni wọ́n!

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé Ìyá Ọmọ́yẹni wà lẹ́bàá ọ́fíìsì Ẹnjiníà. Ọ́fíìsì Olóyè wà lẹ́bàá ilé ìgbẹ̀bí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, obìnrin mẹ́rin rọbí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pe Ìyá Ọmọ́yẹni, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sáré. Ọkọ ń sáré tẹ̀lé e, ìyá ọkọ ń sáré, àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá náà ń sáré. Ìgbìmọ̀ Elétí gbọ́ gìrìgìrì! Wọ́n kọ ọ́ fún Olóyè. Rédíò gbé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, aṣojú mẹ́fà ti fò kúrò lẹ́yìn Ẹnjiníà, ó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí mẹ́rìnlá. Nígbà tí ìyá náà gbẹ̀bí tán, tó ń rìn jẹ́jẹ́ padà sílé nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ó ti ń padà lẹ́yìn Olóyè. Aṣojú mẹ́fà tún fò padà. Ìbejì ni ìbí kẹrin. Wọ́n kà á sí gìrìgìrì méjì.

Bí àwọn èèyàn Olóyè ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í se ọbẹ̀ ẹja fún àwọn aboyún nìyẹn, tí wọ́n ń gbàdúrà pé kí wọ́n tètè bímọ. Ẹnjiníà fi ẹ̀sùn kan gbogbo aboyún ìlú pé wọ́n ń ṣe òṣèlú. Kábíyèsí dá sí i. Kábíyèsí gba màlúù lọ́wọ́ Olóyè, wọ́n gba màlúù lọ́wọ́ Ẹnjiníà, ẹ̀bùn lásán ni, nítorí náà ìdájọ́ wọn kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Òfin wọn nìyí!

Òfin kìíní! Láti òní títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, aboyún kankan kò gbọdọ̀ rọbí. Akéde yóò tún un sọ, nítorí òun náà ní kí wọ́n tún un sọ fún òun: aboyún kankan kò gbọdọ̀ rọbí! Èyí tí inú bá fẹ́ máa run, kó kọ lẹ́tà sí ààfin, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olùdíje méjèèjì. Ẹni tó bá rú òfin yìí, wọn yóò ka ọmọ rẹ̀ sí aṣojú tí a kò yàn, a kò sì ní sọ ọ́ lórúkọ títí ilé ẹjọ́ yóò fi dájọ́.

Òfin kejì! Ìyá Ọmọ́yẹni kò gbọdọ̀ sáré. Bí wọ́n bá pè é, kó máa rìn bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ. Kó má wo ọ̀tún, kó má wo òsì. Bó bá kọsẹ̀, kó ṣubú sí àárín! Bó bá sáré, wọn yóò gba ìbò rẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò sì bá a dì í. Àna Olóyè ni akọ̀wé náà, ṣùgbọ́n ó ti búra pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Òfin kẹta! Ẹ so ewúrẹ́ yín! Lánàá, ewúrẹ́ Bàbá Ládógbà já okùn, ó sá gba ẹnu ọ̀nà Ẹnjiníà kọjá, aṣojú méjì sì bá a lọ. Wọn kò tíì rí ọ̀kan nínú wọn.

Òfin kẹrin! Lọ́jọ́ ìdìbò, kò tọ́ ká máa na ìka ka orí ọmọ ènìyàn, nítorí náà fìlà la ó máa kà. A kà á wò lọ́jọ́ Àìkú. Ogójì aṣojú ọkùnrin, fìlà mọ́kàndínlọ́gọ́ta! Olóyè ní mẹ́rìndínlógójì jẹ́ tòun. Ẹnjiníà ní mẹ́rìndínlógójì jẹ́ tòun. Ẹ má ṣírò ó. Òfin gan-an nìyẹn: ẹ kò gbọdọ̀ ṣírò ó! Ẹni tó bá ṣírò ó yóò dé gbogbo fìlà náà pọ̀ lórí ní ọ̀sán gangan.

Ẹ jẹ́ kí akéde yín sọ tara rẹ̀ díẹ̀. Ààfin kò rán an ní èyí. Sàlámótù ìyàwó rẹ̀ wà nínú oṣù rẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ tó kọ́kọ́ bí kò dúró. Ìyá Ọmọ́yẹni kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ẹni tí wọ́n rán lọ pè é sì rò pé àyè ṣì wà, ó ń rìn. Akéde dọ̀bálẹ̀ lójú ààfin pé kí wọ́n yọ ilé òun nínú òfin yìí. Wọ́n ní báwọn bá yọ ọ́, àwọn olùdíje yóò pè é ní gìrìgìrì abẹ́lẹ̀. Ó dìde, ó gbé agogo rẹ̀, ó jáde wá. Ẹ̀rù ń bà á o. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

Òfin karùn-ún! Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ igbe ìrọbí ní ilé aládùúgbò rẹ̀, kó di etí rẹ̀, kó jókòó, kó máa...

Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́ ná! Ta ló ké yẹn?

Sàlámótù ni. Ohùn Sàlámótù ni!

Ará Ìdí-Ìyeyè, ìyàwó akéde kò kọ lẹ́tà! Kò fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹnì kankan! Ọmọ yìí kò gbọ́ pé Sátidé ni! Ìyá Ọmọ́yẹni, ẹ dákun, ẹ ká aṣọ yín sókè, ẹ sáré! Ẹ̀yin Ìgbìmọ̀ Elétí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá wù yín! Ẹ̀yin aṣojú, bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀lé gìrìgìrì, ẹ gbé omi gbígbóná dání!

Ohun tí ààfin rán ẹnu akéde ti tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kù.

Ẹ yà lọ́nà o! Ẹ yà lọ́nà!