Inṣọ́ránsì Ọ̀pọ̀ tí Mùsíyè Josiah Rà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi kí Josiah Ọmọ́níyì ná. Ẹ má fi orúkọ lásán kí i o, inú máa ń bí i. Mùsíyè Josiah! Erin Àjàṣẹ́ tí í fi imú sọ Faransé! Ọkọ Pijó! Agbádá tí í ṣáájú ẹni tó wọ̀ ọ́ wọlé! Ọmọ bíbí Apa ní Àgbádárìgì ni, ṣùgbọ́n ẹ pè é lọ́mọ Apa lójú àlejò, kí ẹ wá wo bó ṣe máa wò yín bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀.

Àjàṣẹ́ ló ń gbé, lẹ́yìn bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ó ń ta táyà àlòkù níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ ní Àjàṣẹ́ lè wá mu omi lé e ní Apa. Ṣùgbọ́n bí Josiah bá ń ròyìn ìrìn àjò náà, ẹ máa rò pé òkun méjì ló là kọjá. "Àwa tí à ń gbé ìlú òkèèrè," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Bọ́njúù ló fi ń kí àwọn àgbà ilé, bọ́njúù náà ló fi ń kí ewúrẹ́ wọn.

Ayé Sáàpù layé ọ̀hún, ayé àwọn ológun. Búrẹ́dì ti di oúnjẹ Kérésìmesì. Àwọn ìyá ń fi ẹja kan ṣoṣo tan ọmọ márùn-ún jẹ ẹ̀bà. Ẹni tó bá ra mọ́tò lásìkò yẹn, kì í ṣe mọ́tò ló rà, adé ló rà. Josiah wá ra Pijó dúdú kan ní Kọtonú. Àwọn òyìnbó ti lò ó gbó, ṣùgbọ́n ó kun ún títí tó fi ń dán gbinrin. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ rìn mọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé pàápàá, díẹ̀ ló kù kó wa mọ́tò lọ síbẹ̀.

Ohun kan ló wá kù tó ń jẹ Josiah lọ́kàn. Ó fẹ́ jẹ Bàbá Ìkórè ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un. Lọ́dọọdún, àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùfáà tí wọ́n fi tìmùtìmù pupa tẹ́, ẹni tí ìjọ bá sì gbé sórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, ó ti di ẹni ńlá nìyẹn títí láé. Wọ́n ti ṣèlérí àga náà fún un. Wọ́n ní kó gbé Pijó rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà, kí alùfáà gbàdúrà yà á sí mímọ́ lójú gbogbo ayé, lẹ́yìn náà kó wá jókòó. Kíá ni Josiah ti ra léèsì funfun.

Ṣùgbọ́n báwo ni Pijó ṣe máa dé ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn sọ́jà wà ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n wà ní Gbaji. Mọ́tò tí kò ní inṣọ́ránsì, ibẹ̀ ló máa sùn. Ni Josiah bá gba iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì kan lọ ní Àjàṣẹ́. Asiráǹsì ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin kan ló bá nídìí tábìlì.

"Bàbá, ṣé ọmọ ìlú ibí ni yín?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Ọmọ ibo? Àjèjì ni mí! Àjèjì pàtàkì! Ọmọ Nàìjíríà tó wá fi ìlú yín ṣeré ni mí!"

"Ẹ kú ìrìn o. Ti àjèjì máa ń wọ́n ju ti ọmọ onílé lọ, torí a ò tíì mọ bí ẹ ṣe ń wakọ̀."

Josiah sọ agbádá rẹ̀ kalẹ̀ lójijì. "Ta ló ní àjèjì ni mí? Kí ló dé tí ẹ máa ń fi ọ̀rọ̀ gún ni báyìí? Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n ti bí ìyá tó bí bàbá mi!"

Ọmọbìnrin náà pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra. "Ó dáa, Bàbá. Bí ẹ bá lè gba ìwé wá lọ́wọ́ àwọn tí ẹ ń ra inṣọ́ránsì lọ́wọ́ wọn nílé, kí wọ́n jẹ́rìí sí i pé ẹ ò kọ lu ẹnikẹ́ni rí, a máa dín in kù fún yín gan-an."

Ìwé wo ni Josiah fẹ́ gbà? Gbogbo ọdún tó fi wa ọkọ̀ ẹlòmíràn ní Àgbádárìgì, kò ra inṣọ́ránsì lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá," pẹ̀lú owó tó ká sínú àtẹ́lẹwọ́, òun ni inṣọ́ránsì tirẹ̀. Ó gbé agbádá rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣàánú rẹ̀ o. Owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀, kò tó owó apá kan léèsì funfun rẹ̀. Josiah lówó lọ́wọ́. Ìnáwó tí ojú gbogbo èèyàn bá lè rí, inú rẹ̀ dùn sí i. Èyí tí ojú kò lè rí, bí ẹni ń fa eyín rẹ̀ ló rí. Ahun paraku!

Ó bá wá Démọ́lá lọ ní Àgbádárìgì. Inṣọ́ránsì ni Démọ́lá ń tà, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀.

"Mùsíyè, ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn bọ́dà, tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, àwọn ọ̀gá mi ń bẹ̀rù irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ó máa wọ́n. Ṣùgbọ́n ká ní mọ́tò ìyá àgbà kan ni, tó ti fẹ̀yìn tì, tó kàn fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó gba dẹ́rẹ́bà tó ń bá a wà á... há! Ọ̀fẹ́ ló kù."

"Démọ́lá, ọmọ ọlọ́gbọ́n!"

"Mi ò ní kí ẹ purọ́ o. Mo kàn ní, ká ní bẹ́ẹ̀ ló rí ni."

Josiah ò gbọ́ apá kejì yẹn. Ó ti wà lọ́nà Ajara, níbi tí Màmá Tabitha Abímbọ́lá ń gbé. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni, tíṣà àtijọ́ tó ti na ìdajì àwọn bàbá tó wà nílùú náà ní pàṣán. Josiah mú agolo sàdínì kan lọ́wọ́, òun tí kò mú nǹkan kan wá kí wọn rí. Màmá wo sàdínì, wọ́n wo Josiah.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màmá. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fọwọ́ sí nǹkan ni. Pé ẹ̀yin lẹ ni Pijó yìí."

"Èmi ni mo ni ín?"

"Nínú ìwé nìkan ni, Màmá."

"Ta ni dẹ́rẹ́bà?"

"Èmi náà ni. Nínú ìwé nìkan."

Màmá yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. "Josiah, mi ò fọwọ́ sí irọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Bí mo bá fọwọ́ sí i pé mọ́tò mi ni, mọ́tò mi ni. Bí mo bá fọwọ́ sí i pé dẹ́rẹ́bà mi ni ọ́, dẹ́rẹ́bà mi ni ọ́. Ṣé o gbọ́?"

Josiah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ yẹ̀yẹ́. "Mo gbọ́, ọ̀gá mi!"

Màmá fọwọ́ sí i. Démọ́lá gba owó táṣẹ́rẹ́, ó fún un ní ìwé. Àwọn sọ́jà Gbaji yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó máa lọ. Josiah fọn fèrè wọ Àgbádárìgì, ó ń bú àwọn òmùgọ̀ tó ń san owó gidi. Ẹni tó gbọ́n ju ayé lọ ṣe tán, ó kù kí ayé náà ṣe tirẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè pé. Ìjọ kún dé ìta. Wọ́n ti to iṣu, àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti adìyẹ ààyè síwájú pẹpẹ. Àlejò pàtàkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, Kápútéènì Olúkáyọ̀dé, ọ̀gá àwọn sọ́jà tó wà lágbègbè náà. Jíìpù rẹ̀ wà ní abẹ́ igi àgbọn.

Josiah mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé ni. Ẹni ńlá kì í tètè dé. Fèrè Pijó ló kọ́kọ́ dé, pá-pá-pá-páá! Gbogbo ìjọ yí ọrùn padà, àwọn ọmọdé tú jáde. Ó gúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó wá rí i pé ìdí mọ́tò ni òun kọ sí àwọn èèyàn. Ìdí kẹ̀! Imú Pijó tí òun fi epo nù láti ìdájí ńkọ́? Ó ní òun á fi ẹ̀yìn rìn, òun á yí i. Ó ń fi ọwọ́ kan yí ọkọ̀, ó ń fi ìkejì juwọ́ sí èrò lójú fèrèsé bí ọba. Kò wẹ̀yìn.

Gbàà!

Iná jíìpù fọ́ yángá. Josiah bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, kó tó ríran dáadáa.

"Ta ni ọ̀bùn tó gbé agolo ìpẹtà yìí sẹ́yìn mọ́tò mi?"

"Ta ló ni mọ́tò yìí?" ohùn kan bi í láti ẹ̀yìn.

"Èmi ni! Èmi Josiah Ọmọ́níyì! Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Pijó mi nìyí!"

Ó yíjú. Ó rí kákí. Ó rí ìràwọ̀ léjìká kákí. Agbádá tó wú bí búrẹ́dì bá joro.

"Há, Kápútéènì! Ẹ má bínú, sà. Mo ní inṣọ́ránsì, sà! Òun ló máa tún iná yín ṣe!" Ó sáré mú ìwé náà wá, ó tún ń yangàn díẹ̀.

Kápútéènì kà á sókè, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kìíní nínú ìsìn. "Ẹni tó ni mọ́tò: Tabitha Abímbọ́lá. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀: Josiah Ọmọ́níyì." Ó gbójú sókè. "O ní ìwọ lo ni ín. Ìwé ní irọ́ lò ń pa. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo ni ín lóòótọ́, a jẹ́ pé o fi ẹ̀tàn gba inṣọ́ránsì nìyẹn. Wàá tẹ̀ lé mi lọ sí bárékè, mọ́tò á sì tẹ̀ lé wa. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ìwé wí, dẹ́rẹ́bà ni ọ́. Èwo ni?"

Josiah wo inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rí àga pẹ̀lú tìmùtìmù pupa tó ń dúró dè é. Ó wo Pijó. Ó wo ọ̀pá ọwọ́ Kápútéènì.

"Sà, ẹ jẹ́ ká yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan..."

"Níbí!"

"Dẹ́rẹ́bà ni mí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò gbọ́!"

"Dẹ́rẹ́bà ni mí, sà!"

Ibi tó burú sí ni pé àwọn akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí orin ni. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Àwọn adìyẹ ìkórè pàápàá dákẹ́.

Kápútéènì kọjú sáàárín àwọn obìnrin. "Màmá Tabitha dà? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé dẹ́rẹ́bà yín nìyí?"

Màmá dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n wo Josiah, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, bárékè nìyẹn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tán.

"Òun ni, ọmọ mi," Màmá dáhùn. "Eré sísá rẹ̀ ti pọ̀ jù, mo ti ń bá a wí. Ẹ bá mi fi orí jì í. Inṣọ́ránsì mi á tún iná yín ṣe."

Inṣọ́ránsì mi! Ọ̀rọ̀ náà wọ Josiah lára ṣinṣin.

Alùfáà ò fẹ́ kí ìsìn dàrú. Ó ní kí ẹni tó ni mọ́tò jáde wá gba àdúrà. Ẹsẹ̀ Josiah ti gbéra fúnra rẹ̀, ni Ọlásúnkànmí, ìríjú ìjọ, bá di apá léèsì rẹ̀ mú.

"Ẹni tó ni ín ni wọ́n pè, Bọ̀dá. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá."

Màmá gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n kúnlẹ̀. Alùfáà gbé ọwọ́ lé wọn lórí. "Olúwa, bùkún ìránṣẹ́bìnrin rẹ àti mọ́tò rẹ̀. Má jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ fi í ṣòfò."

"Àmín!" Páànù òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì mì. Wọ́n fa Màmá dìde pẹ̀lú orin, wọ́n gbé wọn sórí tìmùtìmù pupa, Ìyá Ìkórè! Àwọn obìnrin ń jó yí wọn ká. Kí Màmá tó jókòó, wọ́n juwọ́ sí Josiah.

"Dẹ́rẹ́bà, má jìnnà o. Lẹ́yìn ìsìn, wàá gbé Zipporah ọ̀rẹ́ mi àti àwọn ìyá Gbaji délé."

Ọlásúnkànmí fi ọ̀wọ̀ sìn ín síta. Àwọn dẹ́rẹ́bà kì í jókòó sínú ilé lọ́jọ́ ìkórè, ìdí mọ́tò ni wọ́n máa ń dúró sí. Àwọn yòókù ti wà lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àgbọn. Sọ́jà tó ń wa jíìpù Kápútéènì sún díẹ̀ fún un.

"Jókòó, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀gá tìẹ ṣe dáadáa o. Tèmi ì bá ti gbá mi létí."

Josiah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oòrùn ń ta á nínú léèsì. Láti àná ni kò ti jẹun, torí ó fẹ́ fi ikùn òfìfo dé ìdí tábìlì àwọn ẹni ńlá. Wọ́n gbé ìrẹsì àti adìyẹ kọjá lọ sínú, ó fi ojú sìn ín lọ. Wọ́n gbé òmíràn kọjá. Nígbà tó yá, Comfort, tó ń pín oúnjẹ, yọ látẹ̀yìn ilé pẹ̀lú abọ́ ńlá kan tí wọ́n bu ìrẹsì tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò sí.

"Àwọn dẹ́rẹ́bà dà o? Kí ẹni tó bá jẹ́ dẹ́rẹ́bà nawọ́, mi ò ní fún àwọn mo-gbọ́-mo-yà!"

Bẹ́ǹṣì nawọ́. Josiah wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìrẹsì ń rú èéfín, òórùn ata rẹ̀ ń lọ sókè. Ó ká apá léèsì funfun rẹ̀ dé ìgúnpá, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ ga ju ti gbogbo wọn lọ.