Kọ́ọ̀dù Méje Tí Ọ̀gá Wenceslao Tà Lẹ́ẹ̀mejì

Bí ẹ bá dé àdúgbò Santa Ana ní ìlú Huamanga, tí ẹ sì pe Wenceslao Pariona ní Wenceslao lásán, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ pè é ní Ọ̀gá. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìyókù kún un: Adìgìtámú-bí-ẹní-dọmọ-mú, Olùtọ́jú Ìbànújẹ́ Ìlú. Òun ló fi ara rẹ̀ joyè méjèèjì, òun náà ló kọ wọ́n sára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Gìtá ló ń kọ́ àwọn ènìyàn. Kíláàsì méjì ló ní. Èyí àkọ́kọ́ ni Kíláàsì Ayọ̀: kọ́ọ̀dù méje, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, láti orí dò dé orí tì. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́ gìtá ní Huamanga nítorí ayọ̀? Huayno ni gbogbo wa ń fẹ́, orin tí a fi ń sunkún ẹni tó lọ tí kò bọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ti béèrè huayno, Ọ̀gá á mí kanlẹ̀. Á ní ìmọ̀ mìíràn nìyẹn, pé afọ́jú arúgbó kan ló fi lé òun lọ́wọ́ lórí ibùsùn ikú: ìpele ohùn ìbànújẹ́ tí àwọn olórin ń pè ní kékeré, bí Ọlọ́run ṣe dá a gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò tún ohùn rẹ̀ ṣe.

“Dò kọ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀,” ni yóò wí. “Là ni. Ẹni tó bá sì bá mi bẹ̀rẹ̀ láti là, yóò là.”

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń là níbẹ̀, ẹ sì mọ̀ ọ́n. Ìlọ́po mẹ́ta owó ti àkọ́kọ́ ló ń gbà fún kíláàsì kejì yìí, Kíláàsì Arò. Ẹni tí kò lówó lè mú àgùntàn wá.

Saturnina Ccorahua, opó tó ń ṣe búrẹ́dì, ti parí Kíláàsì Ayọ̀, ṣùgbọ́n kò ní owó ìkejì, kò sì ní àgùntàn. Gìtá tí Nicanor ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ní. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta huayno tí Nicanor fi fẹ́ ẹ, kí ikú ọkùnrin náà tó pé ọdún kan. Ọ̀gá fi ìka kan ikùn gìtá náà, ó gbọ́ bí igi rẹ̀ ṣe dáhùn, àánú opó sì ṣe é lójijì. Ó ní òun á gba gìtá náà dípò owó, kí obìnrin náà máa fi ògbólógbòó kan tó wà ní kíláàsì kọ́ṣẹ́. Ó mú un búra pé kò ní sọ ohun tó bá kọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ti ilẹ̀kùn kó tó fi kọ́ọ̀dù kìíní hàn án.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń po ìyẹ̀fun lójoojúmọ́ kì í gbàgbé ohun tó bá ti dì mú rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Saturnina béèrè ọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá, là kékeré yìí, ṣebí òun lẹ kọ́ wa ṣe ìkẹfà ní Kíláàsì Ayọ̀?”

“Ìka ló jọra, Màmá Búrẹ́dì. Ọkàn ò jọra.”

Gbólóhùn náà dùn mọ́ Ọ̀gá débi pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Saturnina dúpẹ́, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kọ́ọ̀dù méjèèje pé, kò béèrè nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ tí ìlú fẹ́ yẹ Ọ̀gá sí nítorí iṣẹ́ gìtá rẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, alákòóso ìlú mú ọ̀já ẹ̀yẹ pupa wá sí ojúde ìjọ láti fi kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀gá wọ aṣọ ìlékè dúdú, ó gbé gìtá Nicanor dání. Ó to Kíláàsì Ayọ̀ sí òsì, ó to Kíláàsì Arò sí ọ̀tún, kí gbogbo ayé lè gbọ́ ìyàtọ̀. Àwọn ti òsì ta kọ́ọ̀dù wọn láti dò, inú èrò dùn. Àwọn ti ọ̀tún ta tiwọn láti là, àwọn ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ọ̀gá ti ń tẹ ọrùn sílẹ̀ fún ọ̀já.

Saturnina bá dìde láàárín àwọn ti ọ̀tún. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ alákòóso ìlú pé kó jẹ́ kí àwọn ti òsì tún tiwọn ta lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ṣùgbọ́n ẹ fi dò sílẹ̀ ná,” ló sọ fún wọn. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹfà, kẹ́ ẹ ka méje.”

Wọ́n ta á. Là kékeré, lẹ́yìn náà tì tó ń korò létí, dò, rè kékeré, mí kékeré, fà, sò, wọ́n sì padà sílé ní là. Arò ọ̀tún gan-an ló jáde láti òsì. Ọkùnrin agbẹ́kùúta kan tó ti fi àgùntàn méjì san owó béèrè pé kí ni òun wá rà nígbà kejì.

“Ibi tó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀,” ni Ọ̀gá wí.

Ẹ̀rín bú. Ẹni tó jókòó gbọ́ ọ, ó sọ ọ́ fún ẹni tó dúró, àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn ìjọ náà gbọ́ ọ.

“Ọ̀gá,” ni Saturnina wí, “ibi tẹ́ ẹ ní kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ rèé, mo dá a padà fún yín. Ẹ fún mi ní gìtá ọkọ mi.”

Ọ̀gá wo alákòóso ìlú. Alákòóso ìlú ń wo gìtá. Ọ̀gá bá gbé e fún obìnrin náà.

Saturnina jókòó, ó ta huayno Nicanor. Ó kúrò ní là, ó yà sí dò díẹ̀ bí ẹni tó rántí ọjọ́ tó dára, ó gba orí mí kékeré, kọ́ọ̀dù tí kì í fa ènìyàn lọ́wọ́ wálé, tó kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì le díẹ̀, ó ṣi okùn kan tẹ̀. Kò sẹ́ni tó bìkítà.

Alákòóso ìlú ká ọ̀já pupa náà, ó tì í bọ àpò kóòtù rẹ̀, ó sì wá àyè jókòó láàárín èrò. Nígbà tí orin fi dé ìdajì, gbogbo èrò ti jókòó, Ọ̀gá nìkan ló ṣì wà ní ìdúró.