Láníyonu Onífótò àti Ìyá Ọlọ́mọ Tó Kọlà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ máa ní òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí bàbá tó bí bàbá mi. Irọ́ ni. Èmi ni mo fà á tí wọ́n fi pa á, àgbà tó sì pa á wà láàyè. Ìyá ìyàwó mi ni. Wọ́n wà nínú ilé níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń rẹ́ ilá. Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín o, kí wọ́n má baà jáde wá gba ìtàn mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí, Láníyonu Onífótò. Mo ti ya ìkómọ, mo ti ya ìgbéyàwó, mo ti ya òkú tó túra ká ju àwọn ọmọ tó ń sin ín lọ. Ṣùgbọ́n mo ní àṣà kan: mi kì í tẹ kámẹ́rà láìkọ́kọ́ ka orí. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi níṣẹ́ nìyẹn. Láyé fíìmù, bí o bá lọ fọ fótò tán tí orí ẹ̀gbọ́n ìyàwó ò sí níbẹ̀, ìwọ àti ẹbí wọn ló kù. Torí náà, bí ẹbí bá ti tò síwájú mi, màá na ìka sí wọn, màá máa pariwo, "Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!" Àwọn ìyá ọlọ́mọ á fajú ro, wọ́n á máa fi ìborùn bo ọmọ wọn lórí. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, kò tíì sí òwe tí wọ́n lè fi bá mi wí. Wọ́n kàn ń wò mí ni.

Olúgbadé, àbúrò ìyàwó mi, ń ṣiṣẹ́ ní Nàìróbì, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó ní kí Màmá wá wo ọmọ, kí èmi náà tẹ̀lé wọn láti wá ya ìkómọ. Ó fi kún un pé bí ìkómọ bá parí, òun á ní kí wọ́n gbé wa lọ sí igbó ńlá tí wọ́n ti ń wo ẹranko, níbi tí àmọ̀tẹ́kùn ti ń rìn gbéregbère. Bí mo ṣe gbọ́ èyí, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo wá férémù kan tó tóbi tó ilẹ̀kùn, mo gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi lófìfo, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, ÀMỌ̀TẸ́KÙN Ń BỌ̀. Mo ní fún gbogbo àdúgbò pé màá ya ẹranko náà débi tí wọ́n á fi máa rí irun imú rẹ̀.

Kásúmù, onífótò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi, wá wo férémù náà. Ó lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó yọjú láàárín rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Láníyonu," ó ní, "bí o bá dé lọ́wọ́ òfo, ibí yìí ni èmi á ti máa kí àwọn oníbàárà rẹ káàárọ̀." Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé bí mi ò bá rí àmọ̀tẹ́kùn yà, àfi kí n kó kúrò ládùúgbò.

Àmọ̀tẹ́kùn tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ẹkùn o. Òun tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, kò sì sí ẹranko tó lè bá a sáré kó má fi í sẹ́yìn. Ohun tí ẹ máa fi dá a mọ̀ ni pé ó kọlà. Ilà dúdú kan sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀tún wá sí ẹnu, òmíràn sọ̀ kalẹ̀ láti ojú òsì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ìyá ìyàwó mi náà kọlà.

Ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ Lemayian ló wa ọkọ̀ fún wa. Wọ́n ti ṣí òrùlé ọkọ̀ náà láàárín kí èèyàn lè dìde kó sì yọrí síta. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo ń túmọ̀ fún wọn. Lemayian ní, "Ẹ má yọ kọjá èjìká. Ẹ má pariwo. Ẹ má na ọwọ́ síta."

"Kí ló wí?" Màmá bi mí.

"Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó mọ kámẹ́rà gbé bíi tèmi."

Màmá wo Lemayian, wọ́n tún wò mí. "Ojú rẹ̀ ò mà jọ ojú ẹni tó ń yin èèyàn, Bàbá Ìbídùn."

A rìn títí. Ìdí ìgalà la rí, ìdí ẹfọ̀n la rí, ìdí àgùfọn la rí. Gbogbo ẹranko igbó yẹn ló kẹ̀yìn sí mi, àfi bíi pé Kásúmù ti bá wọn sọ̀rọ̀. Ìdí nìkan ló kún inú kámẹ́rà mi. Inú mi bà jẹ́ gan-an, torí mo ti ń rí férémù òfìfo yẹn lójú mi.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, Lemayian ṣàdédé pa ẹ́ńjìnnì. Lẹ́bàá ọ̀gán kan níwájú wa, àwọn ọmọ àmọ̀tẹ́kùn ń ṣeré, wọ́n ń yí gbirigbiri lórí ara wọn. "Ìyá wọn ò jìnnà," ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ tètè ya àwọn ọmọ náà, ká máa lọ."

Bí mo bá ti yà wọ́n nígbà náà, ìtàn ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo dìde, mo yọ síta títí dé ìbàdí, mo na ìka. "Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!"

Màmá fa ṣòkòtò mi láti ìsàlẹ̀. "Kí lo ń kà wọ́n fún? Ṣé o fẹ́ rà wọ́n ni?"

"Màmá, iṣẹ́ ni."

Ọ̀kan lára wọn sá lọ sẹ́yìn ọ̀gán. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òmíràn gun èkejì rẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ti gbàgbé pé ẹranko ni wọ́n. "Ìwọ kékeré yẹn, padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ! Ìwọ, yé jẹ ìrù onírù! Ẹ gbé àgbọ̀n sókè!"

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín," Lemayian ń sọ lábẹ́, "ẹ fọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ wọlé."

"Kí ló wí?" Màmá bèèrè.

"Ó ní kí n má kánjú."

Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo rò pé Màmá ló dìde, torí kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ tí ẹnì kan ń mí gbígbóná sí mi lọ́rùn. Èémí náà ń rùn. Mo rántí pé ẹran ewúrẹ́ sísun la jẹ lọ́sàn-án, mo sì dákẹ́, àbí ẹnu wo ni màá fi sọ fún ìyá ìyàwó mi pé ẹnu wọn ń rùn? Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, mò ń ṣiṣẹ́." Dípò kí wọ́n sún, wọ́n fi imú tútù kàn mí létí. Mo fara dà á. Àna èèyàn kì í ṣe ẹni à ń jágbe mọ́.

"Ẹ̀rin!" mo ń kà lọ. "Àrún! Ẹ̀fà!"

Ohùn Màmá wá dá mi lóhùn. Kò ti ẹ̀yìn mi wá. Abẹ́ ìjókòó ló ti wá. "Bàbá Ìbídùn," wọ́n ní, "ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Mo bojú wolẹ̀. Màmá ti ká jọ sábẹ́ ìjókòó, gèlè wọn nìkan ló yọ. Lemayian ti dojú bo sítíàrì. Ta ló wá ń mí sí mi lọ́rùn? Mo rọra yíjú padà. Ojú tó kọlà ni mo rí. Ṣùgbọ́n ilà Màmá ò gùn tó bẹ́ẹ̀, Màmá ò sì ní irun imú.

Ẹ gbọ́ mi o. Irun imú tí mo ṣèlérí fún àdúgbò, mo rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí lójú. Kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi. Akin onífótò á tẹ̀ ẹ́. Ní tèmi, ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà nìkan ni ara mi rántí: mo dọ̀bálẹ̀. Àyè ò sì sí. Orí mi wọ àárín ìjókòó méjì, ẹsẹ̀ mi há, ìdí mi ló kù lókè lójú òrùlé.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá!" mo ń ké láti ìsàlẹ̀. "Mi ò kà wọ́n tán! Mo ṣì wọ́n kà! Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín!"

"Sọ fún un pé o ò mọ iye wọn!" Màmá ní.

"Mi ò mọ iye wọn!"

"Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì! Ṣé ó gbọ́ Yorùbá ni?"

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹranko náà gbóòórùn ìdí mi lápá ọ̀tún, ó gbóòórùn ti òsì, ó ronú sí i. Mo gbàdúrà tí mi ò gbà rí láyé mi. Fìlà òfì tí mo fi gbé ìyàwó ti bọ́ sórí òrùlé nígbà tí mo ń dọ̀bálẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ wo ìdí mi, ó wo fìlà, ó yan fìlà. Ó fò sílẹ̀, ó gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì fà á ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ lójú mi.

Lemayian wa ọkọ̀ débi tó jìnnà. Màmá jáde lábẹ́ ìjókòó, wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n na ìka sí mi bí mo ṣe máa ń nà án sí àwọn oníbàárà mi. "Láti òní lọ," wọ́n ní, "a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"

"Kí ni Màmá wí?" Lemayian bèèrè.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Ó mi orí títí. "Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ọ̀rọ̀ àgbà ni."

Mo yẹ kámẹ́rà mi wò. Ìdí ìgalà, ìdí ẹfọ̀n, ìdí àgùfọn, kò sí àmọ̀tẹ́kùn. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Màmá wò mí, wọ́n yọ fóònù tí Olúgbadé ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún wọn láti máa fi ya ọmọ-ọmọ wọn. "Mo tẹ nǹkan tó ní kí n máa tẹ̀," wọ́n ní. "Wò ó bóyá ó mú un."

Ó mú un. Láti abẹ́ ìjókòó, wọ́n ya ojú àmọ̀tẹ́kùn lókè òrùlé, ilà méjèèjì, ẹyinjú aláwọ̀ oyin, irun imú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ìdí mi. Màmá ò ka orí kankan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n gé ìdí náà kúrò. "Bí o bá gé e," wọ́n ní, "ta ló máa gbà pé o débẹ̀?"

Bó ṣe wọ inú férémù nìyẹn. Kásúmù wá, ó wò ó. "Láníyonu, o ṣe é o," ó ní. "Èwo nínú wọn ni ojú rẹ?" Ṣùgbọ́n kò yọjú níbẹ̀ mọ́, torí àyè ò sí.

Lónìí, bí ẹbí bá tò síwájú mi, ìka mi ṣì ń dìde fúnra rẹ̀. Bí mo bá ti ní "Ọ̀kan," gbogbo wọn á yíjú sí férémù yẹn, èmi náà á yíjú sí i, màá ká ìka mi kò.

Mo rí ọ, ìwọ tó ń ká ìka lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. O fẹ́ bi mí pé mélòó gan-an ni àwọn ọmọ àmọ̀tẹ́kùn náà. Lọ wo ìdí tó wà nínú férémù kó o tó lanu. Wọ́n pọ̀, Ọlọ́run dá wọn sí fún ìyá wọn, fìlà mi sì kárí wọn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.